A Ń La Kòkó Wò, Ọkọ̀ Ńkọ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Ìbéèrè náà rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ le. Bí ènìyàn bá fi òógùn ojú rẹ̀ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ọkọ̀ náà sì gbó mọ́ ọn lọ́wọ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa pè é lọ́dọọdún pé kí ó gbé ọkọ̀ náà wá, kí a yẹ inú rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀ wò, kí a sì sọ fún un bóyá ó tún lè máa wà á tàbí kò gbọdọ̀ wà á mọ́? Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ìjọba àti ọlọ́pàá ni èyí, pé kò yẹ kí ó gba àyè nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Mo bẹ irú wọn kí wọ́n mú sùúrù. Níbikíbi tí ohun ìní ẹnì kan bá ti pàdé ẹ̀mí ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ìwà ti dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwà sì ni àwọn baba wa fi ń dá ọmọlúwàbí mọ̀.

Àárín àwọn ará Àgọ́ Aláayè, ní agbègbè Òdìgbò àti Ọ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni mo fẹ́ dúró sí láti wo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ti rin ìrìn àjò láti Èkó lọ sí Benin rí yóò mọ Ọ̀rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni títì ńlá tí ó ti Ṣàgámù wá ti pàdé ọ̀nà tí ó ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa. Ibẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì gbọọrọ tí ń ná ilẹ̀ Ìgbò ti máa ń dúró kí àwọn èrò lè jẹun. Nítorí náà oríṣi ọkọ̀ méjì ni ó ń pàdé ní agbègbè yìí: ọkọ̀ àlejò tí ń sáré kọjá lọ, àti ọkọ̀ onílé tí ń rọra jáde láti inú oko.

Ọkọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kì í ṣe ti fàájì. Òun ni ó ń kó kòkó gbígbẹ lọ sí ọjà. Òun ni ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé bí òjò bá ń rọ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kan fèrèsé ẹni tí ó ni ín ní ọ̀gànjọ́ òru nígbà tí aboyún bá ń rọbí, òun náà ni ó sì ń gbé òkú àgbà bọ̀ wá sí ilé. Nínú abúlé tí ọkọ̀ méjì péré wà, ẹni tí ó bá ní kí ọ̀kan kúrò lójú ọ̀nà ti gé ìdajì ẹsẹ̀ abúlé náà. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ, kí a má baà sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ rìn rí.

Bí a bá wo àwọn ọkọ̀ náà, a óò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti dàgbà ju ọmọ tí wọ́n ń gbé lọ. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Nàìjíríà, tí Peugeot 504 àti Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá fi wọ ìlú wọ oko. Nígbà tí owó ọkọ̀ tuntun wá kọjá agbára ọ̀pọ̀lọpọ̀, tòkunbọ̀ gba ipò wọn. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a máa ń sọ ní Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ó wá bá ọmọ náà pín orúkọ.

Ẹnu ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, àgbẹ̀ ní agbègbè náà, ni mo ti gbọ́ ẹjọ́ ọlọ́kọ̀ ògbó bí ó ti yẹ kí a rò ó. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbé ọkọ̀ wọn lọ fún ìyẹ̀wò. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní:

"Ọmọ mi, owó kòkó ọdún mẹ́ta ni mo fi ra ọkọ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó bá mi dá kọ́bọ̀ sí i. Bí ó bá ń tutọ́, èmi ni mo mọ ohun tí ó jẹ. Bí ó bá ń kérora, èmi ni mo mọ ibi tí ń dùn ún. Ta ni yóò wá fi ìṣẹ́jú márùn-ún mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Àti pé ìjọba tí kò dí kòtò tí ó ṣẹ́ ọkọ̀ mi lẹ́sẹ̀, òun ni ó tún fẹ́ wá wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi bóyá ó dá? Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yẹ ọ̀nà wò ná. Olówó ń gun tuntun, àwa ni à ń gun ògbó. Òfin tí ó bá dojú kọ ọkọ̀ ògbó, tálákà ni ó dojú kọ."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ àgbà ni èyí, kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ kan gbá dànù. Òkò mẹ́ta ni wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kan náà: èkíní, pé èmi ni mo ni ín, èkejì, pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀kẹta, pé tálákà ni òfin náà ń ni lára, ẹni tí ó sì ń ni í lára kò tíì san gbèsè tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nípa ti èkíní, òtítọ́ ni pé ẹni tí ó ra ọkọ̀ ni ó ni ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ewu tí ń bẹ nínú rẹ̀? Nígbà tí ọkọ̀ dúró sí abẹ́ igi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ẹni tí ó ni ín nìkan. Ní kété tí ó bá gun orí títì, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ físíìsì kọ́ wa pé bí eré tí ọkọ̀ ń sá bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí yóò jẹ kí bíréèkì tó dá a dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí ni ti ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọmọ tí ń ti ilé ìwé bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì kò bá wa dá owó ọkọ̀, kò sì bá wa jẹ nínú èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ewu rẹ̀, ìpín tirẹ̀ ju tiwa lọ, nítorí pé àwa ní irin yí ara wa ká, òun kò ní ju aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí ń jẹ kòkòrò náà lè ní ẹnu òun ni òun fi ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n oorun ta ni ó ń bàjẹ́? Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a fi ọkọ̀ hàn òun kí òun yẹ̀ ẹ́ wò kò du wá ní ohun ìní wa. Ìpín tí àwọn ẹlòmíràn ní nínú ewu rẹ̀ ni ó wá béèrè.

Nípa ti èkejì, ìmọ̀ tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ ní nípa rẹ̀, ìmọ̀ tòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ó ti rí. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí omi inú rẹ̀ bá pọ̀, tí bíréèkì sì gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi náà yóò hó, yóò di oruku, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì rì wọlé bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Rọ́bà inú bíréèkì àti ti táyà ń gbó, ìbá à ṣe pé ọkọ̀ ń rìn tàbí ó dúró sí ojú kan, gẹ́gẹ́ bí iṣu inú àká ti ń gbẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Táyà kan lè ní èèpo tí ó ń dán lójú bí tuntun, kí ó sì ti di àgbà. Ọjọ́ orí rẹ̀ wà lára rẹ̀: nínú àmì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é. Bí a bá rí 2312, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012 ni. Mélòó nínú wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀ wo èyí rí, kí a tó sanwó táyà tòkunbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì?

Ohun tí ó tún jinlẹ̀ ju èyí lọ ni pé àléébù ọkọ̀ kì í dé lójijì. Bíréèkì tí ó ń mú nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó ni ín yóò kọ́ láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò di, ẹsẹ̀ náà yóò tún kọ́ ọ. Sítíárì yóò máa fà sí ọ̀tún, apá yóò kọ́ láti máa fà á padà sí òsì. Ọkùnrin náà yóò máa sọ pé òun mọ ọkọ̀ òun, òótọ́ ni ó sì ń sọ; ṣùgbọ́n ohun tí ó mọ̀ ni bí a ti ń bá àrùn rẹ̀ gbé. Ní ọjọ́ tí ó bá wá rán ọmọ rẹ̀ ní òru pé kí ó fi ọkọ̀ náà gbé aboyún lọ sí Ọ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ náà kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Bí ọbẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ojú àlejò ni ó ń rí ohun tí ojú onílé ti mọ́ lára. Ìdí nìyí tí oníṣègùn kì í fi í fẹ́ dá ṣe ìtọ́jú ara rẹ̀, tí òǹkọ̀wé náà sì ń fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ rẹ̀ kà kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

Òkò kẹta ni ó wúwo jù. N kò ní sọ pé ìjọba kò jẹ gbèsè. Ó jẹ ẹ́. Kòtò ń fọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ tí kòtò bá sì ti fọ́ ni ẹni tí ó ni ín ń gbé lọ sí ibi ìyẹ̀wò. Bí ènìyàn bá ba aṣọ ẹni jẹ́ tán, tí ó sì tún ń bú ẹni pé aṣọ ẹni kò mọ́, ta ni kò ní bínú? Síbẹ̀ gbèsè tí ìjọba jẹ mí kò lè pa gbèsè tí mo jẹ ọmọ tí ń kọjá lọ ní ẹ̀gbẹ́ títì rẹ́. Kì í ṣe ọmọ náà ni ó kọ̀ láti dí kòtò. Bí ọ̀nà bá tilẹ̀ burú, ó yẹ kí bíréèkì mi dá ju ti ẹni tí ń rìn ní ọ̀nà dídán lọ ni.

Ní ti pé tálákà ni òfin náà dojú kọ, ẹ jẹ́ kí a bèèrè pé ta ni ó wà nínú ọkọ̀ ògbó? Tálákà ni. Ta ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn ní ẹ̀bá rẹ̀? Ẹni tí ó tálákà ju ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ lọ ni. Nígbà tí a bá ní kí a fi ọkọ̀ ògbó sílẹ̀ nítorí àánú tálákà, ẹnì kan nínú àwọn tálákà ni a ṣàánú, a sì gbàgbé àwọn yòókù. Àánú tí ó pé ni kí a wá ọ̀nà tí ìyẹ̀wò kò fi ní di ìjìyà. Èmi yóò padà sí èyí.

Ṣùgbọ́n kí n tó padà, mo fẹ́ rán wa létí pé ìyẹ̀wò kì í ṣe àjèjì sí àgbẹ̀ agbègbè yìí. Kòkó ni iṣẹ́ wọn. Kí kòkó tó lọ sí òkè òkun, a máa ń là á wò. Ayẹkòkówò yóò bu hóró kòkó láti inú àpò lóríṣiríṣi. Ìlànà tí gbogbo àgbáyé mọ̀ ní kí a la 300 hóró sí méjì ní òòró rẹ̀, kí a ka èyí tí ó bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ, àti èyí tí a kò jẹ́ kí ó kan dáadáa kí a tó sá a. Bí àbùkù bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ipò kòkó náà yóò rẹlẹ̀, tàbí kí a dá a padà pátápátá. Ìgbìmọ̀ kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1947 ti túká ní 1986, ṣùgbọ́n lílà kòkó wò kò bá a túká. N kò tíì gbọ́ kí àgbẹ̀ kan wí pé, "Èmi ni mo ni kòkó mi, ẹ má ṣe là á." Wọ́n mọ̀ pé kòkó tí ó bu, bí ó bá wọ inú àpò, yóò ba orúkọ gbogbo àgbẹ̀ jẹ́. Wọ́n gbà pé ẹni tí yóò jẹ ṣokoléètì ní London, tí wọn kò mọ̀ rí, tí kò sì mọ̀ wọ́n, ní ẹ̀tọ́ pé kí a má tan òun jẹ.

Ẹ wá wo ìyanu náà. Kòkó tí ń lọ sí òkè òkun, a ń là á wò kí ẹnu àlejò má baà kan. Ọkọ̀ tí ń ti òkè òkun bọ̀ wá ńkọ́, tí ó lè pa ọmọ wa? Ní 2020 ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí àyíká tẹ ìwé kan jáde, ó fi hàn pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké àlòkù ni a kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà, àti pé Áfíríkà ni ó gba ìpín tí ó pọ̀ jù lọ. Ní ọdún kan náà, àjọ ìjọba ilẹ̀ Netherlands tí ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń kó gba ibùdókọ̀ ojú omi wọn lọ sí Áfíríkà wò, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n yẹ fún ojú títì mọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n kúrò. Ìtumọ̀ rẹ̀ yé gbogbo wa. Ìyẹ̀wò wọn lọ́hùn-ún lé ọkọ̀ náà jáde. Àìsí ìyẹ̀wò tiwa níhìn-ín ṣílẹ̀kùn fún un. Ní Japan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn èyí ọdún méjì méjì ni, ìnáwó rẹ̀ sì wà lára ohun tí ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ tètè ta ọkọ̀ wọn. Ọ̀dọ̀ ta ni ọkọ̀ náà ń lọ? A kò ní jìnnà kí a tó rí i.

Kí a má rò pé àwọn òyìnbó bí ìwà yìí mọ́ ara wọn. Wọ́n kọ́ ọ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1956 ni ó fàyè gba ìyẹ̀wò ọkọ̀ ògbó, ṣùgbọ́n 1960 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ernest Marples jẹ́ mínísítà ìrìnnà. Ọkọ̀ tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò nígbà náà, bíréèkì, iná àti sítíárì rẹ̀ sì ni ohun tí wọ́n ń wò jù. Àwọn ọkọ̀ tí kò yege pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kí ọdún 1961 tó parí, wọ́n ti sọ ọ́ di ọdún méje. Nígbà tí ó di 1967, wọ́n sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta. Èyí tí ó wá yà mí lẹ́nu ni pé láti 2018, ọkọ̀ tí ó bá ti pé 40 ọdún, tí a kò sì yí i padà, ti bọ́ nínú ìyẹ̀wò dandan yìí níbẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó ní irú rẹ̀ sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin, wọn kì í sì í gbé e jáde púpọ̀. Síbẹ̀ òfin kò yọ̀ǹda fún wọn láti wa ọkọ̀ tí kò dá. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ogbó fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọjọ́ orí ọkọ̀ kàn ń sọ fún wa ìgbà tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ wò ni. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò ní láti bínú bí ẹni pé a bú ọkọ̀ wọn ní arúgbó.

Ẹ̀kọ́ kejì wà ní ilẹ̀ Jámánì. Ní 1865, ìkòkò oooru ńlá kan bú gbàmù ní ilé ìpọntí kan ní ìlú Mannheim. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn tí wọ́n ni irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa yẹ ìkòkò ara wọn wò, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Láti inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ tí a ń pè ní TÜV ti dìde, tí ń yẹ ọkọ̀ wò káàkiri Jámánì lónìí. Àwọn ọlọ́jà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra wọn, wọn kò dúró de ọlọ́pàá.

Nílé wa, a kò ṣe aláìní òfin. Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, òun sì ni alága àkọ́kọ́. Òfin ìrìnnà wa sì ní kí ọkọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ fún ojú títì. Ibi tí ìṣòro wà ni pé gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwé yìí ń tẹni lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ọkọ̀ kúrò ní ẹnu ọ̀nà ilé. A ó fi owó rán ẹnì kan, ìwé yóò dé. Nínú eré Ṣóyínká tí ń jẹ́ The Road, tí ó jáde ní 1965, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tí ń ṣe ayédèrú ìwé àṣẹ fún àwọn awakọ̀. Àwọn òǹwòran a máa rẹ́rìn-ín sí i. Èrò mi ni pé a kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín pẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ìwé ẹ̀rí tí a gbà láìyẹ ọkọ̀ wò burú ju àìgba ìwé lọ. Ẹni tí kò ní ìwé mọ̀ pé òun kò ní i. Ìbẹ̀rù díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ó lè mú kí ó rọra wakọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé èké a máa pa ìbẹ̀rù náà, a sì tún máa tan èrò tí ó wọ ọkọ̀. Ẹ̀rí ni orúkọ tí a sọ ìwé náà. Ta ni ó wá jẹ́rìí? Kí ni ó rí? Ní ilé ẹjọ́ wa, onígbàgbọ́ a fi Bíbélì búra, mùsùlùmí a fi Àlùkùránì búra, ẹni tí ó di ti ìṣẹ̀ṣe mú a fi irin búra, nítorí pé Ògún kì í gba irọ́. Oǹdó, tí agbègbè wa wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, jẹ́ ìlú tí ń ṣe ọdún Ògún. Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí i pé irin kan dá, nígbà tí kò fojú rí i, ti fi irin búra èké, ìbá à jẹ́ ẹlẹ́sìn èyíkéyìí. Èké náà kì í ṣe ti ẹni tí ó fọwọ́ sí i nìkan. Ẹni tí ó fi owó rà á mu nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rán mi létí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 2024, Adájọ́ Evelyn Maha dájọ́ pé kò sí òfin tí ó fún àwọn òṣìṣẹ́ ayẹkọ̀wò olú ìlú náà ní àṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró, láti gbẹ́sẹ̀ lé e, tàbí láti bu owó ìtanràn lé ọlọ́kọ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ yọ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀: ìyà tí wọ́n ti jẹ lójú ọ̀nà kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí adájọ́ sọ. Ọwọ́ tí ń gba ọkọ̀ ni ó dá dúró. Kò sọ pé bíréèkì tí kò mú ti di èyí tí ó mú. Nígbà tí a bá ká ọwọ́ òfin kò, ìgbà náà gan-an ni a ń mọ ẹni tí ó ní ẹ̀rí ọkàn. Ọmọ tí kì í jí ẹran inú ọbẹ̀ nítorí pé ìyá rẹ̀ wà nítòsí nìkan, a kò tíì lè pè é ní ọmọlúwàbí.

Kí ni kí a ṣe, tí ìyẹ̀wò kò fi ní di ìjìyà fún tálákà? Èrò tèmi nìyí. Kí ìyẹ̀wò lọ bá àgbẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, dípò kí àgbẹ̀ pàdánù ọjọ́ méjì láti wá a lọ. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun mẹ́rin péré: bíréèkì, táyà, sítíárì àti iná. Kí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì bá wọn jókòó níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò gba owó àtúnṣe má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò sọ pé ọkọ̀ kò dá, kí ojú kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tí kò bá yege ní ìgbà àkọ́kọ́, kí a fún un ní àkókò láìgba owó ìtanràn. Àwọn ará wa mọ èsúsú dá. Wọ́n ń dá a fún ìyàwó, fún ilé, fún òkú. Kí ló dé tí a kò lè dá èsúsú fún táyà àti bíréèkì ní àsìkò kòkó, nígbà tí owó wà lọ́wọ́? Bí àwọn oníkòkò oooru ní Mannheim ti ṣe é, àwọn ọlọ́kọ̀ Àgọ́ Aláayè lè ṣe é láìdúró de ẹnikẹ́ni. Kí ìjọba náà sì gbé ìwé ìyẹ̀wò tirẹ̀ jáde: kí ó sọ fún wa ní gbangba lọ́dọọdún kòtò tí ó wà ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan àti èyí tí ó dí. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹni wò, ó yẹ kí ó dúró kí a yẹ òun náà wò.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò gbà pé ìjọba yóò sọ iye kòtò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá èsúsú náà lè bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò kòkó tí ń bọ̀, kí àwọn sì mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó o. Mo rí i pé ẹni tí ó ti la kòkó rẹ̀ fún àlejò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò nílò kí a kọ́ ọ ní ìwà. Ó kàn fẹ́ kí a má ṣe rẹ́ òun jẹ lórúkọ ìwà ni.

Ó wá ku àwa tí a ń ka ìwé yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń wọ ọkọ̀ ògbó lọ sílé ní ìparí sáà ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ wa mìíràn ń wà á. Àwọn kan nínú wa ni yóò di òṣìṣẹ́ tí ń fọwọ́ sí ìwé lọ́la, àwọn kan ni yóò di adájọ́. Kí a tó dé ipò wọ̀nyẹn, iṣẹ́ kékeré kan wà tí kò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni: ní ọjọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ rìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lára táyà rẹ̀.